Ta Ni Ó Bi Ìyá Àgbà Léèrè?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìsọmọlórúkọ kan ní Sampierdarena, ní ìlú Genova níhìn-ín. N kò lè dá a rò mọ́, ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín.

Ìyá ìyàwó ti dé láti Ìbàdàn kí ọmọ tó wáyé. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà wọlé, gbogbo wa ni a dìde. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, a kí wọn kú ewu, a sì ṣe àdúrà pé wọn yóò jẹun ọmọ pẹ́. Ó wu ènìyàn láti wò. Lẹ́yìn tí a jẹ, tí a mu, ni ọ̀rọ̀ wá kan ìwé ìrìnnà ìyá. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìjọba fún wọn, ó sì kù díẹ̀ kí ó pé. Ọkọ ní òru ni òun ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni òun ń sùn. Ìyàwó ní bí òun kò bá tètè padà, àwọn tí òun ń bá tún ilé ṣe yóò gba ẹlòmíràn, nítorí pé kò sí ìwé kankan láàrin òun àti wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dá sí i láti Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù. Àwa àlejò pàápàá kò pa ẹnu mọ́. Ẹnìkan ní kí ìyá máa lọ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní kí a jẹ́ kí ọjọ́ ìwé náà kọjá, kí ìyá rọra jókòó sílé, kí wọ́n máa gbé ọmọ títí ọmọ yóò fi tó lọ sí ilé ìwé. Ilé ìdáná kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí a jókòó sí, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ni ìyá wà, tí wọ́n ń fọ ìgò oúnjẹ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó yíjú sí wọn pé, "Ìyá, kí ni ẹ̀yin fẹ́?"

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wa tí ó ń kàwé ní yunifásítì. Òun nìkan ni ó ní ohun tí a ń ṣe kò dára, pé irú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń bá jà ní gbogbo ayé. Bàbá kan tí ó ti pẹ́ ní Ítálì dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ti òyìnbó ni. Pé ní tiwa, bí obìnrin bá ti dàgbà, ó ti di ọba nínú ilé. A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Inú ọkọ̀ ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé ọba tí à ń wí yìí, ìgò ni ó ń fọ̀ nígbà tí àwọn ìjòyè rẹ̀ ń pín in.

Bàbá yẹn kò purọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ní ọdún 1997, ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ó sọ pé kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ẹ wo èdè wa. A ní ẹ̀gbọ́n, a ní àbúrò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, ṣùgbọ́n "wọ́n" ni àgbà. Àwọn ọmọ wa tí ń sọ èdè Ítálì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ akọ àti èyí tí ó jẹ́ abo kí wọ́n tó lè pe tábìlì àti àga. Ní èdè tiwa, ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tí ó jù ú lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ náà ti kọ̀wé lórí oyè Ìyálóde, ó sì fi hàn pé obìnrin ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìlú láyé àtijọ́, pé wọn kì í ṣe aláwòran lásán. Ta ni yóò sì gbàgbé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí òun àti àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta bá owó orí jà títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò. Ọjọ́ tí obìnrin bá wọ ilé ọkọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà. Ọmọ ọwọ́ tí ó bá nílé, "ọkọ" rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àfi kí ó wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè máa kúnlẹ̀ kí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá. Ọjọ́ orí tí ó gbé láti ilé bàbá rẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà ni ó já a sílẹ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni àgbà náà ń padà bọ̀: bí ó bá bímọ, bí ọmọ náà bá yè, bí ọmọ bá gbé ìyàwó, tí ìyàwó náà sì ń kúnlẹ̀ fún un ní tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Orí eékún obìnrin mìíràn ni iyì àgbà obìnrin dúró lé.

Ẹni tí kò bímọ ńkọ́? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ńkọ́, tàbí ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ tí kò sì ní ọkọ tí yóò gbèjà rẹ̀? Àwọn wọ̀nyí ni a máa ń pè ní nǹkan mìíràn. A ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀, pé kàkà kí ó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ẹ kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pa á mọ́ bàbá arúgbó. Ní ọdún 1950 sí 1951, àwọn kan gbé oògùn tí wọ́n ń pè ní Atinga wá láti ìhà Gold Coast, wọ́n gba Dahomey kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Wọ́n ní àwọn ń wá àjẹ́. Àwọn ìyá, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ, ni wọ́n kó jáde síta gbangba, tí wọ́n ní kí wọ́n jẹ́wọ́, tí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó pè wọ́n wá. Ìjọba fi òfin dè wọ́n ní 1951. Ilẹ̀ yìí kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé ère lórí, tí wọ́n ń jó láti fi júbà àwọn ìyá wa. Ijó kò gba àwọn ìyá náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí Atinga dé.

Kí ẹ má baà sọ pé mo ń fi ilẹ̀ baba mi wọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn onílẹ̀ níhìn-ín. Ìlú kékeré kan wà lórí òkè ní Liguria tí ń jẹ́ Triora, abẹ́ ìjọba Genova ni ó wà láyé ọjọ́un. Ní ọdún 1587, ìyàn mú níbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn obìnrin kan ni ó fà á. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kú sínú ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Wọ́n kó nínú wọn wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Genova níhìn-ín, àwọn kan kò sì padà. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò ń lọ sí Triora láti ra ọmọláńgidi arúgbó onígbálẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.

Nítorí náà, bí a bá wí pé ọ̀wọ̀ àgbà ti tó fún obìnrin wa, ẹ̀rí kò pọ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀wọ̀ náà wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke: kí ìyá bímọ, kí ìyá wúlò, kí ìyá má sì sọ pé òun kò fẹ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kan náà tí a fi ń yangàn, ẹni ọdún 76 ni nígbà tí àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé ọmọ rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, tí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin 1978.

Ẹ má rò pé àwọn obìnrin òyìnbó tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ṣe dáadáa jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kíka àgbà sí ẹni tí kò wúlò mọ́ kò tilẹ̀ ní orúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì títí di 1969, nígbà tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Butler, fún un lórúkọ. Simone de Beauvoir ará Faransé, tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1949 di ohun tí gbogbo ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ń kà, ti pé ọmọ ọdún 62 kí ó tó tẹ ìwé jáde lórí ogbó ní 1970. Ìwé àkọ́kọ́ gbayì káàkiri. Èkejì, ẹ wo iye ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Barbara Macdonald ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ní 1983 pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cynthia Rich nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó lọ bá wọn rìn ní ìrìn ìfẹ̀hónúhàn àwọn obìnrin, àwọn tí ń darí ìrìn náà sì ń ṣiyèméjì bóyá yóò lè bá wọn rìn dọ́gba. Ìjà obìnrin ni ó bá wọn jà, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Genova, ẹ máa ń rí òdòdó mimosa aláwọ̀ ìyeyè ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta, ọjọ́ àwọn obìnrin. Teresa Mattei wà lára àwọn tí ó yan òdòdó náà ní ọdún 1946. Genova ni wọ́n bí i sí ní 1921. Nínú àwọn obìnrin 21 tí wọ́n dìbò yàn láti bá wọn kọ òfin ilẹ̀ Ítálì ní 1946, òun ni ó kéré jù, ẹni ọdún 25. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ọmọge ọlọ́dún 25 yẹn ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí padà wá sí Genova ní 2001, lẹ́ni 80 ọdún, láti bá àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn nígbà ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Ọdún 2013 ni ó tó kú. Ní tèmi, arúgbó ọlọ́dún 80 yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ mi ní ilé ìwé.

Torino náà ní tirẹ̀. Rita Levi-Montalcini, ọmọ bíbí ìlú náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, wọ́n sì fi í jẹ sẹ́nétọ̀ títí ayé ní 2001. Ní 2007, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 98, tí ìbò rẹ̀ sì ń gbé ìjọba ọjọ́ náà ró, olóṣèlú kan, Francesco Storace, ní kí wọ́n gbé ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ arọ lọ fún un nílé. Àwọn ọkùnrin arúgbó pọ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ náà. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá ránṣẹ́ sí wọn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí Padova, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó kan ìyá wa tí ń fọ ìgò. Ní ọdún 1972, Mariarosa Dalla Costa àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Padova gbé ọ̀rọ̀ kan dìde tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ní iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ ni, pé oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti ọmọ títọ́ ni ó ń mú kí ọkùnrin lè lọ sí ilé iṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a san owó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin mìíràn nínú ìjà náà, Silvia Federici, ọmọ Parma, wá sí Nàìjíríà, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Port Harcourt láàrin ọdún 1980 sí 1990. Nígbà tí ó padà lọ, ó kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe dáná sun àwọn obìnrin ní Yúróòpù nítorí àjẹ́, lẹ́yìn náà ó kọ̀wé lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ nípa ìyàwó ilé, ta ni ó ti sọ ọ́ nípa ìyá ìyàwó?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Òmìnira tí ọmọbìnrin wa ní níhìn-ín láti jáde lọ ṣiṣẹ́, kí ó gba owó tirẹ̀, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó gùn. N kò bá ọmọbìnrin náà wí. Iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe le, owó ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sì wúwo. Ẹni tí mo fẹ́ bi ní ìbéèrè ni bàbá ọmọ. Ní gbogbo wákàtí méjì tí a fi jíròrò ní Sampierdarena, kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ọkọ dín iṣẹ́ òru kù. Bí ẹni pé ọmọ náà kò ní bàbá! Òfin Ítálì fún bàbá tí ń gba owó oṣù ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé nígbà tí ìyàwó bá bímọ. Ó tún fún ìyá àti bàbá ní oṣù mélòó kan mìíràn tí wọ́n lè fi dúró ti ọmọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dín kù. Àjọ INPS ń san owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní ilé ìtọ́jú, ní ìwọ̀n bí owó tí ń wọlé fún wọn bá ṣe mọ. Mélòó nínú wa ni ó ti béèrè? Ó rọ̀ wá lọ́rùn láti kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn ju kí a wọ ọ́fíìsì lọ.

Ìyá tí a sì ní kí ó fara pa mọ́ yìí, ẹ gbọ́ ohun tí a ń fà á wọ̀. Òfin mímú òbí wá gbé níhìn-ín ti le láti ọdún 2008. Òbí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní ọmọ mìíràn nílé, tàbí kí ó ti ju ọmọ ọdún 65 lọ, kí àìsàn líle sì ti dè àwọn ọmọ tí ó wà nílé tí wọn kò fi lè tọ́jú rẹ̀, kí ìwé sì jẹ́rìí sí i. Yálà kí a ra ìwé ìdójútòfò ìlera fún un, tàbí kí a san owó fi í wọ ètò ìlera ìjọba. Ìyá tí ó bímọ márùn-ún tí mẹ́rin wà nílé lálàáfíà kò ba ibẹ̀ wọlé. Bí ọjọ́ ìwé rẹ̀ bá kọjá, ilé ìwòsàn yóò tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn bá gbé e dé, nítorí òfin ní kí wọ́n tọ́jú àìsàn kánjúkánjú àti èyí tí ó ṣe kókó, ṣùgbọ́n kò ní dókítà tirẹ̀ tí yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní oṣooṣù. Bí ọkọ rẹ̀ bá kú nílé, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò yan ọ̀kan: kí ó lọ sin òkú kí ó má sì rí ọ̀nà wọlé mọ́, tàbí kí ó jókòó sí yàrá kí ó máa sunkún. Owó àwọn arúgbó aláìní tí ìjọba ń san láti ọmọ ọdún 67, ẹni tí ó ti fi ọdún 10 gbé níhìn-ín lábẹ́ òfin láìdáwọ́dúró ni wọ́n ń fún, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Gbogbo ọdún tí ìyá fi fara pa mọ́, kò sí ọ̀kan tí wọn yóò kà fún un.

Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti òkè. Genova, ìlú àtẹ̀gùn ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà ní Castelletto fún gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé àtijọ́ ní àdúgbò etíkun níbi tí owó ilé ti rọ̀ díẹ̀, àjà karùn-ún ni ìwọ yóò fi ẹsẹ̀ gùn. Ìyá tí eékún ń dùn, tí ó gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn onílẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n: Liguria ni arúgbó pọ̀ sí jù ní gbogbo Ítálì, ó ju ènìyàn 28 lọ nínú 100 tí ó ti kọjá ọmọ ọdún 65. Ẹ ó rí àwọn ìyá àgbà wọn lójú fèrèsé tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Ìyá tiwa kò mọ̀ wọ́n, wọn kò mọ ìyá tiwa, èdè kò jọ. Nílé, ìyá yìí ní ìsọ̀ ní ọjà, ó ní ẹgbẹ́, ó ń dá èésú, ó ń parí ìjà láàrin àwọn ọmọ ilé. Níhìn-ín, ọmọ ọwọ́ ni ẹnìkan ṣoṣo tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dé láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn tí ó rí ìwé gbà lábẹ́ òfin Martelli ní 1990, àti àwọn tí ó rí i ní 2002 nígbà tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn tí ń tọ́jú arúgbó sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, àwọn kan sì ti kọjá rẹ̀. Ẹ ti fi agbára yín gbé ìyá àgbà onílẹ̀ dìde láti orí ibùsùn, ẹ ti tì í nínú àga oníkẹ̀kẹ́ lọ sí etí òkun, eékún tiyín náà sì ti ń dùn. Láàrin àwọn onílẹ̀ fúnra wọn, obìnrin ju ìdajì àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ, síbẹ̀ owó tí ó ń kàn wọ́n kò ju bí 44 lọ nínú 100, nítorí pé ọdún tí wọ́n fi tọ́ ọmọ kò ní owó nínú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a bí síhìn-ín, tiyín ńkọ́, ẹ̀yin tí àwọn kan kọ wákàtí mẹ́wàá sílẹ̀ fún nígbà tí ẹ ń ṣe ogójì?

Mo mọ obìnrin kan tí ó fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú arúgbó kan, tí ó lọ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ó sì bá ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà náà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san owó yín sí INPS. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti rí i. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 lè gba owó ìfẹ̀yìntì lónìí ní ọmọ ọdún 67 bí ó bá ti san án fún ogún ọdún, tí owó náà sì tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti san ọdún márùn-ún ó kéré tán, yóò dúró di ọmọ ọdún 71. Ọ́fíìsì patronato wà ní gbogbo ìlú, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ACLI ni ó ni àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn, wọn kì í gba owó láti bá yín wo àkọsílẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín tí ó gbọ́ èdè dání. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti padà sílé pátápátá, ẹ béèrè ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, òkété bí ó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí ni ìyá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ọmọ wà? Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí òkété máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n ní ọ̀sán, kí ó máa sè, kí ó máa fọ̀, kí ó tó rí ọmú mu. Bí ìyá bá ń ṣe iṣẹ́ tí a ìbá san owó fún àjèjì láti ṣe, kí a fi owó sí ọwọ́ wọn, kì í ṣe pé kí a máa ra aṣọ fún wọn ní ọdún. Kí a máa dá èésú wọn nílé lọ kí ìsọ̀ wọn má baà di ti ẹlòmíràn. Ìyá tí ìwé rẹ̀ pé, tí yóò sì pẹ́ níhìn-ín, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọba ń pè ní CPIA, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Ítálì. Ẹni tí ó lè kí aládùúgbò rẹ̀, tí ó sì lè wọ bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kò tíì di ẹrù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́mọ. Kò ní pa yín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà, mo pe ìyàwó náà lórí fóònù, mo ní kí ó fi ìyá rẹ̀ fún mi. Mo béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè ní ọjọ́ tí mo pàtẹ́wọ́. Ìyá kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn kò fẹ́ jókòó, àwọn kò sì fẹ́ lọ pátápátá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ nígbà tí ọjọ́ ìwé bá pé, kí àwọn lọ wo ìsọ̀ àwọn, kí àwọn sì lọ san èésú tí ó ti dá dúró. Bí òjò bá dá, kí ọmọ tún kọ̀wé pe àwọn, àwọn yóò padà wá lo oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí ọkọ máa gbé ọmọ rẹ̀ ní àárín àkókò náà, ṣebí òun ni ó bí i. Ọ̀nà méjì péré ni àwa ènìyàn mẹ́rìnlá rí nínú yàrá yẹn.